Ìpàdé ọmọ yín: ẹ má kàn mirí

Ẹ̀yin òbí wa ní University Heights, wúyẹ́wúyẹ́ la máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí: ọmọ tó ní autism. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn. Bí reluwé 4 bá ń kọjá lókè Jerome Avenue, á fọwọ́ di etí, á máa ké. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan á ní ìyá ló bà á jẹ́. Irọ́ ni méjèèjì. Bí ọpọlọ tirẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Láti 1975 ni òfin tí wọ́n ń pè ní IDEA lónìí ti wà. Ó ní kí ilé ìwé ìjọba kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́nà tó bá a mu. Bí òbí ò bá tiẹ̀ ní pépà, wọn ò gbọdọ̀ lé ọmọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti parí ìyẹn ní 1982.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ìpàdé ni wọ́n ti ń kọ ètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ìyẹn IEP, òbí sì wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀wọ̀ tíṣà, ọ̀pọ̀ wa á kàn mirí, a ó fọwọ́ sí i, a ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Lóòótọ́, tíṣà mọ̀wé. Àmọ́ ta ló mọ̀ pé ọmọ á sunkún bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì? Ta ló mọ orin tó ń mú un sinmi? Ẹ̀yin ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á pè é ní olórí kunkun.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí àyẹ̀wò, 60 ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi parí rẹ̀. Bí òyìnbó ò bá já gaara lẹ́nu yín, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ pe 311, kẹ́ ẹ béèrè Early Intervention.

Ẹ fi ìwé kékeré sínú báàgì rẹ̀. Tíṣà á kọ tiléèwé, ẹ ó kọ tilé, kí ọwọ́ lè ṣọ̀kan.

Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ètò náà wò. Ohun tí ẹ ò bá fara mọ́, ẹ sọ ọ́. Òfin gbà yín láyè láti pẹjọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.