Agogo Ẹ̀rọ Ní Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ó ti pẹ́ tí Abẹ́òkúta ti mọ ilé ìwòsàn; ní ọdún 1895 ni ìjọ Àgùdà dá ti Lantoro sílẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ojú àti ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣọ́ aláìsàn. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí ń ka ìlù ọkàn àti èémí, tí í sì í ké bí agogo nígbà tí nǹkan bá yẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fiyè sí i pé agogo náà kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn; ènìyàn ni ó ń pè. Púpọ̀ nínú igbe rẹ̀ kò sì ní ewu nínú. Bí aláìsàn bá yí ara padà, bí okùn bá tú ní àyà rẹ̀, bí iná bá lọ tí bátìrì sì ń kú lọ, yóò ké. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú igbe 100, ó lè jẹ́ 72 títí dé 99 ni ó jẹ́ ti lásán. Etí nọ́ọ̀sì a sì di, gẹ́gẹ́ bí etí ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ ata. Ní Amẹ́ríkà, àjọ Joint Commission ròyìn ní ọdún 2013 pé láàrin ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ọ̀ràn 98 nípa agogo wọ̀nyí dé etí òun. Ènìyàn 80 ni ó kú nínú wọn.

Ta ni òfin yóò wá mú? Kì í ṣe ẹ̀rọ. A ó bèèrè ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́, ẹni tí ó rẹ ohùn agogo sílẹ̀, àti iye aláìsàn tí a fi lé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn máa pa àkọsílẹ̀ olúkúlùkù aláìsàn mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó pẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ ṣẹ́ sí lára nígbà iṣẹ́ abẹ ní Benin gbé ọ̀ràn rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ó pàdánù rẹ̀ ní ọdún 2006, nítorí pé kò mú ọ̀mọ̀ràn oníṣègùn wá jẹ́rìí. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òfin rí.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ń ṣọ́ aláìsàn, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ pa agogo náà lẹ́nu, bí ó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ wo ojú aláìsàn, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Bí kò bá tètè dé, ẹ tún lọ, kí ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni kí ẹ ti bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ẹni tí yóò gbọ́ agogo náà ní òru, àti ohun tí yóò gbé ẹ̀rọ ró nígbà tí iná bá lọ.