ÀLÀYÉ: Kí ni kádínà náà sọ gan-an? Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá ṣe ń yí padà kó tó dé WhatsApp yín

Bí ẹ bá ń gbé Koumassi, tàbí ibikíbi ní Abidjan, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà nínú gúrúùpù WhatsApp méjì sí mẹ́ta: ti ìlú yín nílé, ti ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ti àwọn tí ẹ jọ ń tajà. Ìròyìn òṣèlú kì í sábà dé ibẹ̀ bí ìwé ìròyìn ṣe kọ ọ́. Ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ló máa ń jẹ́: “Ẹ gbọ́ o, bíṣọ́ọ̀bù ti sọ̀rọ̀.” “Ẹ wo ohun tí olórin yẹn sọ sí ààrẹ.” Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́, Yorùbá ni ẹ fi gbọ́ ọ, ẹni tí ẹ kò mọ̀ ló sì túmọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti Abidjan níbí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Alassane Ouattara kéde pé òun kò ní díje mọ́. Amadou Gon Coulibaly, olórí àwọn mínísítà, ni ẹgbẹ́ RHDP fà kalẹ̀ dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gon Coulibaly kú ní ọjọ́ 8 oṣù Keje. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Ouattara ní òun yóò díje fún sáà kẹta. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, Kádínà Jean-Pierre Kutwa, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì ní Abidjan nígbà náà, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ayé gbé. Ohun tí wọ́n gbé ni ibi tó ti sọ nípa ìdíje Ouattara pé kò jẹ́ “nécessaire à mes yeux”. Inú ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè kò dùn sí i rárá. Àwọn alátakò rí ohun tí wọn yóò máa gbé kiri.

Ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn yẹn wò díẹ̀díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ó ní ìdíje náà kò pọn dandan. Kò pọn dandan kì í ṣe kò bófin mu. Bóyá òfin gbà á tàbí kò gbà á, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, Conseil constitutionnel, ló lágbára láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ náà gba èèyàn mẹ́rin wọlé nínú 44 tó fẹ́ díje, Ouattara sì wà lára wọn. Ẹ lè fara mọ́ ìdájọ́ yẹn tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kádínà ló dá ẹjọ́.

Ó tún ní “lójú tèmi”. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó sọ pé “lójú tèmi” kò sọ pé “gbogbo Kátólíìkì ní Côte d'Ivoire”.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ìdíje ẹnì kan ni kádínà dárúkọ. Kò dárúkọ ẹ̀yà, kò dárúkọ ẹ̀sìn. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹni tó ń túmọ̀ ní “àwọn Kátólíìkì ò fẹ́ Ouattara”, tí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di “àwọn Kátólíìkì ò fẹ́ Mùsùlùmí”. Ìgbésẹ̀ méjì péré, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìwé ìdìbò, ó ti dé àdúgbò. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú 85 nínú ìjà tó rọ̀ mọ́ ìdìbò ọdún yẹn.

Kí ló dé tí oníròyìn fi ń sáré tẹ̀lé wọn?

Nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa nípa Max Weber, ará Jámánì tó pín àṣẹ sí mẹ́ta: èyí tí òfin fún èèyàn, èyí tí àṣà fún un, àti èyí tó wá láti inú ẹ̀bùn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rí lára ẹnì kan. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé a máa ń gbé àṣẹ ẹnì kan láti ibi tó ti ní in lọ síbi tí kò ti ní in. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, a fẹ́ kó mọ òfin ìdìbò. Oníròyìn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàyé lórí òfin ìpìlẹ̀ gba ojú ewé mẹ́rin, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò kà á tán. Gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni ńlá kò gbà ju ìlà kan lọ, ìbínú àwọn tó kà á ni yóò sì gbé e kiri.

Ìjọba pàápàá máa ń bá wọn polówó ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Tiken Jah Fakoly sọ níbi eré kan ní Dakar pé bí Ààrẹ Abdoulaye Wade bá fẹ́ràn Senegal, kó fi ipò sílẹ̀. Ìjọba Senegal ní àwọn ò fẹ́ rí i ní ilẹ̀ àwọn mọ́. Ohun tí àwọn tó wà níbi eré nìkan gbọ́ wá di ohun tí gbogbo Áfíríkà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ rere náà máa ń wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn tí Àwọn Erin pegedé fún Ife Àgbáyé ní Sudan, Didier Drogba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n bẹ àwọn tó ń jagun kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé Drogba fi ọ̀rọ̀ yẹn parí ogun ń ṣì wá lọ́nà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2007 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ àdéhùn Ouagadougou, àwọn olóṣèlú ló sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìjà ìdìbò 2010 sí 2011 tún pa èèyàn tó lé ní 3,000. (Mo mọ̀ pé ẹ ó bá mi jà lórí èyí. Èmi náà fẹ́ràn Drogba.)

Èyí tí wọn kò sọ rárá

Ní báyìí, kò tiẹ̀ di dandan kí ẹni náà lanu. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n yan Póòpù Leo Kẹrìnlá. Oṣù yẹn kò tíì parí tí fídíò oníṣẹ́jú 36 fi jáde lórí YouTube, níbi tí póòpù ti “ń” yin Ọ̀gágun Ibrahim Traoré ti Burkina Faso. Irọ́ ni. Àwòrán ìpàdé póòpù pẹ̀lú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ AI ṣe ohùn àti ẹnu rẹ̀. Vatican sọ pé fídíò náà kì í ṣe tòótọ́. Irú bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn orin ìyìn fún Traoré tí wọ́n fi ohùn Beyoncé àti R. Kelly ṣe.

Ẹ má sọ pé eré lásán ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n kọlu àwọn ọmọ Niger ní Abidjan, wọ́n kó ọjà wọn, èèyàn kú, nítorí fídíò tí wọ́n ní ó fi hàn bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ní Niger. Nàìjíríà ni wọ́n ti ya fídíò náà, kò sì kan ọmọ Côte d'Ivoire kankan. Kò sí ẹni ńlá kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Niger àti Nàìjíríà kò sì jìn síra lẹ́nu ẹni tó ń bínú.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Bí ohùn bá dé lédè Yorùbá nípa ohun tí ẹnì kan sọ lédè Faransé, ẹ béèrè ti Faransé lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí kò bá ní in, ẹ dá a dúró lọ́wọ́ yín. Àmì ọfà méjì lórí iṣẹ́ WhatsApp túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àlùfáà Kátólíìkì, ẹ gbọ́ Radio Espoir. Bí ó bá jẹ́ ti ìmáàmù, Al Bayane. Ẹ wá fídíò náà lódindi, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí wọ́n gé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Kádínà Kutwa ránṣẹ́ sí gúrúùpù yín, bí a ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyí: ó sọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé, lójú tòun, ìdíje Ààrẹ Ouattara nínú ìdìbò ọdún yẹn kò pọn dandan.