Maja Stark àti -7: kí ni par gan-an?

Ẹ ti gbọ́ pé Maja Stark, agbágọ́ọ̀fù ọmọ Swídìn, gba ife-ẹ̀yẹ US Women's Open ní pápá Erin Hills, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì gba mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: -7. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹgbẹ́ tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára góòlù rẹ̀ ti wọ wàhálà. Àwọn méjì tó jọ ṣìkejì, Nelly Korda ọmọ Amẹ́ríkà àti Rio Takeda ọmọ Japan, -5 ni tiwọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ihò 18 ni wọ́n ń gbá lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Stark gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 70 lọ́jọ́ kìíní, 69 lọ́jọ́ kejì, 70 lọ́jọ́ kẹta, 72 lọ́jọ́ ìkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 281. Par pápá náà jẹ́ 72 lójúmọ́, ìyẹn 288 fún ọjọ́ mẹ́rin. Stark fi 7 dín sí i. Ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló borí.

Ta ló wá sọ pé 72 ni? Àwọn kan rò pé wọ́n ṣírò ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sábà ń gbá ni. Rárá o. Par ni iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò kan, bí ihò náà ṣe jìn tó ni wọ́n sì ń wò ju ohunkóhun lọ. Ihò tí kò bá ju 260 yáàdì lọ fún ọkùnrin, tàbí 220 fún obìnrin, sábà máa ń jẹ́ par 3. Èyí tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ á di 4, àwọn tó jìn jù lọ á sì jẹ́ 5. Nínú iye yìí ni wọ́n ti ya gbígbá méjì sọ́tọ̀ fún orí koríko kúkúrú tó yí ihò ká. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan dín sí par ti gbá birdie. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan lé e ti gbá bogey. Bogey ni Stark gbá lórí ihò méjì tó kẹ́yìn ní Erin Hills, síbẹ̀ wọn kò lè bá a.

Èèyàn ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pinnu par, èèyàn náà sì lè yí i padà. Ihò kejì ní Pebble Beach, California, par 5 ni lójoojúmọ́. Nígbà tí US Open àwọn ọkùnrin dé ibẹ̀ ní 2000, àwọn aláṣẹ sọ ọ́ di par 4, par pápá náà sì bọ́ sí 71. Tiger Woods gbá 272, wọ́n kọ -12 sí i lórúkọ. Ká ní wọ́n fi ihò yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà ni, 272 kan náà ìbá di -16, láìjẹ́ pé Woods gbá bọ́ọ̀lù kankan dáadáa ju bó ṣe gbá a lọ.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi àpapọ̀ sọ? Wọn kì í jọ gbéra ni. Ẹnì kan ti parí ihò 16, ẹlòmíì ṣì wà lórí 12. Àpapọ̀ wọn kò lè sọ ẹni tó wà níwájú. Bí awakọ̀ méjì bá ń ti Ìlọrin bọ̀ ní Èkó, tí wọn kò sì jọ kúrò ní gáréèjì, ibi tí kálukú dé kò sọ ẹni tó yára jù; wákàtí tó yẹ kéèyàn fi dé ibẹ̀ la ó fi wọn tọwọ́ wọn. Bí par ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Orí pátákó ìdíje Masters ní Augusta ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ láti 1960, Frank Chirkinian tó ń darí ètò náà fún tẹlifíṣọ̀n CBS ni wọ́n sì máa ń yìn fún un. Ní Augusta yìí náà, ní 2024, ọmọ Swídìn mìíràn, Ludvig Åberg, gbá 281, -7 gẹ́lẹ́ bíi ti Stark. Ipò kejì ló bọ́ sí, nítorí pé Scottie Scheffler gbá -11.

Àwọn ọmọ Swídìn kan kọ̀ láti fojú òfin wo par. Pia Nilsson, tó fìgbà kan jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún orílẹ̀-èdè náà, bi àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bóyá wọ́n ti gbá birdie rí lórí gbogbo ihò pápá ilé wọn, níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gbá a, kí ló ní kó má ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan náà? Ẹ yọ 18 kúrò nínú 72, ó ku 54. Ibẹ̀ ni orúkọ èrò rẹ̀ yìí, Vision54, ti wá.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Swídìn tó sún mọ́ ọn jù ni Annika Sörenstam. Ojú máa ń tì í nígbà tó wà lọ́mọdé débi pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù yẹ ihò, torí pé ẹni tó bá borí ló máa bá èrò sọ̀rọ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ fura, wọ́n ní ẹni tó bá ṣìkejì náà á máa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, 2001, ní Moon Valley nílùú Phoenix, ó gbá birdie lórí ihò mẹ́jọ àkọ́kọ́ láìdábọ̀. Nígbà tó máa parí, birdie 13, par márùn-ún, kò sí bogey: 59. Kò sí obìnrin tó gbá a rí ní LPGA, ìyẹn àjọ gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin, ṣáájú rẹ̀. Ìdíje LPGA tó gbà láyé rẹ̀ jẹ́ 72 (ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni), mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ìdíje ńlá. Ní 2003 ó bá àwọn ọkùnrin díje ní Colonial, Texas, níbi tí par ti jẹ́ 70. Ó gbá 71 àti 74, ó sì já lẹ́yìn ọjọ́ kejì.

Ṣé Vision54 ló wá bí àwọn obìnrin Swídìn mẹ́fà tó ti gba ìdíje ńlá, láti orí Liselotte Neumann ní 1988 títí dé orí Stark? Ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ Neumann kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà ló ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́ jù: Sörenstam lọ sí Arizona, Stark lọ sí Oklahoma State, Åberg sì lọ sí Texas Tech, níbi tí ìrì dídì kì í ti bo pápá mọ́lẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Títí di báyìí, 58 tí Jim Furyk gbá ní 2016 ló kéré jù lọ ní PGA Tour ti àwọn ọkùnrin, 54 kò sì tíì sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Stark kò tilẹ̀ nílò rẹ̀: ní Erin Hills, kò sí ọjọ́ kankan tí gbígbá rẹ̀ kéré ju 69 lọ.