Ẹnjiníà Wo Ni Kí A Pè?



Bí egungun bá ṣẹ́, a kì í gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ẹnjiníà pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ìlú tó bá pe ẹni tí kò mọ iṣẹ́, owó rẹ̀ ni yóò ṣòfò. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni. Ẹ jẹ́ kí a mọ mẹ́rin nínú wọn, pẹ̀lú orúkọ Faransé tí ẹ ó rí lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn.

Èkíní ni génie civil, ti ilé, ọ̀nà àti afárá. Àwọn ló ń ṣírò ẹrù, ìyẹn ìwúwo ohun tí afárá yóò gbé. Kọnkéré lè ru ohun tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, yóò sán. Irin ló lè fara da fífà. Bí ọkọ̀ bá gun afárá kékeré, abẹ́ rẹ̀ ni ó ń fà jù. Nítorí náà ni irin ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí mọlémọlé bá ní kí ẹ yọ irin kí owó lè dín, ẹ má gbà.

Èkejì ni génie mécanique, ti ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo pupa. Ọ̀pá gígùn ni à ń tì yí ká. Irin àárín, tí ara rẹ̀ rí bíi ti bóòtù, ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ ẹyìn. Agbára kékeré lórí ìrìn gígùn di agbára ńlá lórí ìrìn kúkúrú. Ẹ̀rọ kì í dá agbára sílẹ̀, ó ń pa á dà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tí kò lo epo, oòrùn, omi, afẹ́fẹ́, iná tàbí ọwọ́ ènìyàn fún yín, ẹlẹ́tàn ni.

Ẹ̀kẹta ni génie électrique, ti iná. Láti ọdún 2007 ni okùn iná ńlá ti gba Ìkẹjà ní Nàìjíríà wá sí Sakété, nítòsí wa. Volt ni a fi ń wọn agbára tó ń ti iná lọ: 330.000 ni ti okùn yẹn, 220 ni ti ilé wa. Bí volt bá pọ̀, iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà á dín kù. Transformer ni yóò wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ilé. Bí okùn iná bá já, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi igi gbé e. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn SBEE.

Ẹ̀kẹrin ni génie rural, ti omi àti oko. Wọn a wo ibi tí omi ń ṣàn sí kí a tó gbẹ́ kànga. Ẹ má gbẹ́ ilé ìgbẹ́ sí òkè kànga. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i tó mítà 30.

Ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè kọ́ irú iṣẹ́ yìí ní yunifásítì Abomey-Calavi, tí a dá sílẹ̀ ní 1970.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: iṣẹ́ wo ni abúlé yín fẹ́ ṣe lọ́dún yìí? Ẹnjiníà wo ni ẹ ó pè? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé.

Ó dìgbà o.