Ta Ló Mọ Àwọn Ilé Amọ̀ Etí Aṣálẹ̀?

Ní Afọ̀n, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti láwọn abúlé tó yí i ká, títí dé Ìmẹ̀kọ, àlàpà kò ṣòro rí. Wọ́n ti ká páànù orí ilé lọ, ògiri amọ̀ nìkan ló kù sínú òjò. Òjò ọdún kìíní á fọ orí rẹ̀, ti ọdún kejì á la ojú rẹ̀, bó bá ṣe díẹ̀ sí i, òkìtì kékeré kan ni yóò kù tí koríko bò. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìgbà náà lè máa ta bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ láì mọ̀ pé ìyàrá bàbá ńlá ẹnìkan ni.

Irú òkìtì bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó tóbi tó odindi ìlú, ni tọkọtaya awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Roderick McIntosh àti Susan Keech McIntosh, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ lọ́dún 1977 lórílẹ̀-èdè Mali, níbi tí odò Ọya ti ń tàn kálẹ̀ kó tó dojú kọ aṣálẹ̀ Sàhárà. Djenné-Djeno ni wọ́n ń pe òkìtì náà, ìyẹn Djenné àtijọ́. Bíi kìlómítà 3 péré ló fi jìnnà sí ìlú Djenné táwọn èèyàn ń gbé lónìí. Wọ́n tún padà lọ gbẹ́ ẹ lọ́dún 1981.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yí ìtàn padà. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé àwọn oníṣòwò Lárúbáwá tó ń gun ràkúnmí la Sàhárà kọjá ló kọ́ àwa ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bí a ṣe ń tẹ ìlú ńlá dó. Djenné-Djeno ní rárá. Nǹkan bí ọdún 250 kí wọ́n tó bí Jésù làwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń lo irin, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ àkúnya odò tí wọ́n wà kò ní òkúta, kò sì ní èyí tí wọ́n lè yọ́ irin lára rẹ̀. Ọlọ lásán, láti ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ìyẹn ni pé òwò ti wà láàárín wọn àtàwọn aládùúgbò wọn kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ayé rárá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 850 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìlú náà ti gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 33, odi amọ̀ tó gùn tó bíi kìlómítà 2 sì yí i ká.

Báwo lèèyàn ṣe ń ka amọ̀ bí ẹni ń kàwé? Ilé amọ̀ kì í parẹ́, ṣe ló ń wó lórí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òmíràn á tẹ́ àwókù náà pẹrẹsẹ, á mọ tirẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìran dé ìran nìyẹn, tí ilẹ̀ fi ń ga. Awalẹ̀pìtàn a wá gbẹ́ kòtò tó dúró ṣánṣán, á máa wo àwọ̀ ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó le jẹ́ ògiri, ibi tó dúdú jẹ́ ààrò, ibi tó rọ̀ jẹ́ ààtàn. Èédú tó bá wà nínú ààrò ni wọ́n á gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò ló sì ń fi hàn bí ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò ṣe ń yí padà.

Djenné tòde òní ní ilé amọ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀: Mọ́sálásí Ńlá rẹ̀. Ìwé Tarikh al-Sudan, tí wọ́n kọ ní ìlú Timbuktu ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, sọ pé nígbà tí ọba Djenné, Koi Konboro, gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó wó ààfin ara rẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìjọsìn. Nígbà tí René Caillié, ará Faransé, dé ibẹ̀ lọ́dún 1828, mọ́sálásí náà ti ń wó, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló gba inú rẹ̀. Ẹyẹ tó ń fi amọ̀ kọ́lé wá jogún ilé tí èèyàn fi amọ̀ kọ́! Séku Amadu, aṣáájú ẹ̀sìn tó ṣẹ́gun ìlú náà, kò fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ mọ́sálásí ọ̀hún. Wọ́n ní ṣe ló ní kí wọ́n dí ọ̀nà tí omi òjò ń gbà jáde lórí òrùlé rẹ̀, òjò sì bá a wó o.

Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1906 sí 1907 ni wọ́n kọ́ ọ, lábẹ́ ìjọba Faransé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn kan fi ń sọ pé òyìnbó ló ya àwòrán rẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn bíríkìlà Djenné ló kọ́ ọ, Ismaila Traoré, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló sì darí iṣẹ́ náà.

Irú àṣìṣe yìí kò mọ sí Mali. Ní Kerma, ní aṣálẹ̀ àríwá Sudan, tẹ́ńpìlì kan wà tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́, tí wọ́n ń pè ní Deffufa. Ó ti lé ní ọdún 3,500, síbẹ̀ ó ṣì ga tó mítà 18. George Reisner, ará Amẹ́ríkà tó walẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1913 sí 1916, gbà pé iṣẹ́ àwọn ará Íjíbítì ni. Charles Bonnet, ará Switzerland, fi ọ̀pọ̀ ọdún walẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì fi hàn pé ilé ìbọ àwọn ọba Kerma fúnra wọn ni, adúláwọ̀ tó ní ìjọba tiwọn. Ó yẹ kí èyí dun ẹni tó bá ní ìfẹ́ ìtàn wa. Nígbàkígbà tí ilé amọ̀ bá ti tóbi, tó sì rẹwà, àlejò ni wọ́n máa ń sọ pé ó kọ́ ọ.

Ohun tó ń mú kí mọ́sálásí Djenné dúró kò yàtọ̀ sí ohun táwọn àgbà Yewa mọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á po ẹrẹ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á fi sílẹ̀ kó kan. Àwọn ọmọdé á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò, àwọn obìnrin á pọnmi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á fi eré gbé ẹrẹ̀ dé ìdí ògiri, àwọn bíríkìlà á sì gun àwọn igi tó yọrí jáde lára ògiri láti rẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, òjò kan rọ̀ fún ọjọ́ kan, apá òkè ilé ìṣọ́ kan sì wó. Ọdún 1988 ni UNESCO ti fi ìlú náà àti Djenné-Djeno sára ogún àgbáyé. Lọ́dún 2016, nítorí àìsí àlàáfíà ní agbègbè náà, wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ewu mìíràn ni ti àwọn olè. Àwọn ère amọ̀ Djenné-Djeno ń ta lówó gọbọi lókè òkun, àwọn èèyàn sì ń gbẹ́ òkìtì lóru láti wá wọn. Lọ́dún 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Ère tí olè bá ti yọ kò lè sọ ìtàn mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ààrò tàbí ìyàrá tó ti jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Afọ̀n. Ní ìhà kejì bọ́dà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Kétu, ìlú Alákétu, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Yàrà àti odi ìlú náà ni ọmọ ogun Dahomey dojú kọ kí wọ́n tó fọ́ ìlú náà lọ́dún 1886. Àwọn ará Kétu tú káàkiri, wọ́n sì fi ahoro sílẹ̀ ní ìgbèríko wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa fún ọ̀nà, tí ẹ ń wa yanrìn, tí ẹ sì ń fi katakata hú oko tuntun ní agbègbè Ìmẹ̀kọ àti Afọ̀n, bí ẹ bá kan àfọ́kù ìkòkò tó pọ̀, eérú tàbí ògiri lábẹ́ ilẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ẹ sọ fún Baálẹ̀, kí òun sì ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí wọ́n tó wa ibẹ̀ dànù.