Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń jẹ epo jù: Bí ọlọ́kọ̀ ṣe lè dín owó bẹntiróò kù lójú ọ̀nà Okokomaiko

Bí ènìyàn bá dúró sí Ìyànà-Ìbà ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn dánfó tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó ń rìn nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì pa iná ọkọ̀. Ọmọ ọkọ̀ kan ń pe èrò Mile 2, òmíràn ń pe Okokomaiko, ẹlòmíràn ń pe Àgbàrà. Èéfín ń rú, epo ń jó. Owó tí awakọ̀ kò tíì pa ló ti ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde.

Nígbà kan, irú nǹkan báyìí lè má ká ẹnikẹ́ni lára. Ní ìparí ọdún 2011, náírà 65 ni lítà epo bẹntiróò kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba gbé e lọ sí náírà 141, gbogbo ìlú sì fárígá títí tí wọ́n fi dá a padà sí náírà 97. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àléfà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, náírà 488 ni iléepo NNPC ń ta lítà kan l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di náírà 998. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá tí owó lítà kan fi di ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń gòkè ló ń sọ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti ń bọ̀.

Kò sí awakọ̀ tó lè dá iye tí wọn yóò máa ta epo lé. Àmọ́ iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ká kúkú sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà.

Láti ayé Ìjàpá

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀jọ́. Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, níbi tí kò jìnnà sí bárékè àwọn ṣọ́jà, ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria wà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá àti Igala tí àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ọlọ́jà fi ṣe ẹsẹ̀ rìn ti jáde. Wọn kì í to Ìjàpá níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní, Volks ni àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe ibùdókọ̀ náà.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ Ìjàpá wá ni pé ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí àwọn awakọ̀ ń ta láti fi ṣọ́ epo, láti ayé Ìjàpá ni. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ọkọ̀ ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Okokomaiko lónìí kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà inú wọn ló ń wọn epo, tó sì ń fín in sínú ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ fún bàbá lè kó gbèsè bá ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká mú 'fìríì' ṣe àpẹẹrẹ. Bí awakọ̀ bá ti gun orí afárá tán, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, a yọ jíà, a fi ọkọ̀ sí fìríì, a sì jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó gbà pé òun ń ṣọ́ epo. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó jàǹfààní díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kọ̀ǹpútà yóò dá epo dúró pátápátá, torí pé táyà tó ń yí ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá wá fi sí fìríì, ẹ́ńjìnnì yóò nílò epo kó má baà kú. Ẹni tó ní òun ń ṣọ́ epo ló ń jó o yẹn.

Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀mí. Ọkọ̀ tó wà nínú jíà, ẹ́ńjìnnì ń bá bíréèkì dì í mú. Ọkọ̀ tó wà ní fìríì, bíréèkì nìkan ló gbára lé, pẹ̀lú èrò méjìdínlógún nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa iná ọkọ̀ pátá nígbà tó bá ń sọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bíréèkì yóò le bí òkúta láìpẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ yóò wúwo, ó sì lè há. Kò sí iye epo tó tó èyí.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára àti epo ti ṣe ìṣirò ohun tí ìwàkọ̀ gìrìgìrì ń jẹ. Wọ́n ní kí awakọ̀ máa tẹná lójijì, kó máa sáré àsápajúdé, kó sì máa tẹ bíréèkì gbàgà, èyí lè sọ ìdá 15 sí 30 nínú 100 epo nù lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ó lè jẹ́ ìdá 10 sí 40. Kò sí nǹkan mìíràn tí awakọ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ tó tó èyí.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ láti Mile 2 wá sí Okokomaiko. Ààyè díẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú, awakọ̀ tẹná mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò tíì rìn jìnnà tó fi bá ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ó tẹ bíréèkì. Gbogbo epo tó fi gbéra ni bíréèkì sọ di ooru. Ẹni tó rọra ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń wo iwájú, tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tó rí i pé ọ̀nà ti dí, yóò bá a níbẹ̀. Àwọn méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n epo wọn kò dọ́gba.

Bí ọ̀nà bá dán, eré tó bá ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan lọ, owó ni ènìyàn ń san lé e lórí. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń tì ń le sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i. Òye èyí ló mú kí Amẹ́ríkà ṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974 pé kí ọkọ̀ kankan má sáré ju máìlì 55, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 88, lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti dá epo dúró fún wọn lọ́dún 1973.

Ẹ wá padà sí Ìyànà-Ìbà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn láìrìn. Ọkọ̀ tó dúró tí kò pa iná lè jẹ lítà kan sí méjì láàárín wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ká ní lítà kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà, kí ìṣirò lè rọrùn. Awakọ̀ tó ń fi wákàtí méjì dúró de èrò lójúmọ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ lítà kan ní wákàtí kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló ń jó lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà, ó di ẹgbẹ̀rún méjìlá, kí ó tó rí owó ọlọ́kọ̀ san, kí ó tó rí tilé gbé. Epo tí wọ́n fi ń tún iná ọkọ̀ dá kò ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ìdúró lọ. Àwọn kan kì í pa iná nítorí pé bátìrì wọn ti kú tàbí pé kíìkì wọn kò dáa. Ẹ ṣírò ohun tí bátìrì tuntun yóò ná yín, kí ẹ fi wé ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ́sẹ̀.

Ohun tí ẹ lè sọ fún mẹkáníìkì

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, wọ́n á yọ thermostat rẹ̀ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ tiwa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi kò ní yéé yí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, yóò sì máa fún un lépo lé epo. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá ìdí tí ọkọ̀ fi ń gbóná: ó lè jẹ́ rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí tàbí omi tó ń jò.

Iná pupa tàbí olómi ọsàn tó ń tàn níwájú awakọ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan a fi nǹkan bò ó. Bó bá jẹ́ sẹ́nsọ̀ tó ń wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú èéfín ló bàjẹ́ gan-an, àtúnṣe rẹ̀ nìkan lè mú kí ọkọ̀ fi ìdá 40 nínú 100 rìn jìnnà sí i lórí epo kan náà.

Ẹrù orí ọkọ̀ náà ń jẹ epo. Ẹrù ńlá lórí òrùlé lè gba ìdá 6 sí 17 nínú 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nínú ọkọ̀ kékeré, ẹrù tó wúwo tó àpò ìrẹsì kan ń gba bí ìdá kan. Ohun tí kò bá nídìí nínú bùútù, ẹ kó o sílẹ̀. Ti táyà, ìwọ̀n kan péré tó bá dín lórí géèjì fọkanáísà nínú gbogbo táyà ń dá ìdá kan nínú 500 epo nù. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n táyà tó rọ̀ ń gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó wà lóko tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta tàbí ọkadà, ẹ rántí dá ṣóòkù padà bí ẹ̀rọ bá ti gbóná. Ṣóòkù tí wọ́n gbàgbé ń da epo sínú ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì fọ fíltà afẹ́fẹ́ déédéé. Ti ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, fíltà tó dọ̀tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo, agbára ló ń gbà. Ti oníkábúrétọ̀, ó ń jẹ epo gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta irin tútù, mágínẹ́ẹ̀tì àti oògùn inú ìgò tí wọ́n ní yóò dín epo kù sí ìdajì. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà ti yẹ irú rẹ̀ tó ju 100 lọ wò, wọn kò rí èyí tó mú ìyàtọ̀ gidi wá. Kàfúrà tí àwọn kan ń jù sínú táǹkì náà, ẹ jẹ́ kó dúró nínú àpótí aṣọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀

Ẹ má fi ojú géèjì díwọ̀n. Ẹ kún táǹkì dẹ́nu, kí ẹ kọ iye kìlómítà tó wà níwájú ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún un kún dẹ́nu. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bó bá jẹ́ lítà 20 fún kìlómítà 180, kìlómítà 9 ni lítà kan gbé yín. Ẹ tún ẹsẹ̀ ṣe, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé awakọ̀ nìkan kọ́ ló ni ẹ̀bi. Láti ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àgbádárìgì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko sì fi jẹ kòtò àti gósílóò. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí wọ́n là sílẹ̀ pé yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìjọba ló ni ọ̀nà, ó sì yẹ ká máa bi wọ́n léèrè.

Ṣùgbọ́n títí ọ̀nà yóò fi tọ́, ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò lè dúró. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ ní Ìyànà-Ìbà, tí èrò kò sì tíì kún ọkọ̀, kí awakọ̀ kọ́kọ́ pa iná ná.