Èéfín Kò Mọ Ààlà Yàrá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìlú Òṣú níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ó ṣojú mi, ẹ̀bi rẹ̀ sì kàn mí. N kò ní fi bò.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èmi ni wọ́n wá bẹ̀ pé kí n sọ. Èmi náà ni n kò sọ.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan nínú àwọn tí ń kírun lẹ́yìn wa wá bá mi lẹ́yìn Àlàásárì. Ata àti tòmátì ni ó ń tà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá bàbá tó wà ní yàrá kejì sí tiwa sọ̀rọ̀. Sìgá tí wọ́n ń mu lóru ń wọlé bá wa, ọmọ mi sì ní ikọ́ fée." Mo bi í pé ṣé inú yàrá tirẹ̀ ni bàbá náà ti ń mu ún ni. Ó ní rárá, yàrá tiwọn ni. Mo wá ní, "Ó dára, ọmọ mi. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ṣe sùúrù, sùúrù ni baba ìwà." Ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tún sọ fún un.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú bàbá náà ni mo ń wò. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rẹ́ wa ti pẹ́, bí a bá sì ń dá owó ní mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sìgá kò tó ohun tí a fi ń dójú ti irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní fésì-mi-àì-fésì-yú: yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gun òkè àjà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ògiri tó pín yàrá kò dé òrùlé. Abẹ́ àjà ni ògiri náà dúró sí. Láti orí àjà lọ sókè, gbalasa ni láti yàrá kìíní títí dé ìkẹjọ. Èéfín ẹ̀wẹ̀, òkè ní í máa ń lọ. Yóò gba ojú ihò àjà kọjá, yóò tàn ká, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ẹni tí kò rà á. Èyí tó bá kù yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí o ti ilẹ̀kùn rẹ, tí o ti fèrèsé rẹ, ara rẹ nìkan ni o tì mọ́lé. O kò ti èéfín mọ́lé.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí gbogbo ilé ti fèrèsé, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lóru. Ìyá ọmọ náà ni, òun àti ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà wà léjìká rẹ̀, kò lè sunkún mọ́. Àyà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. Mo jí ọmọkùnrin mi, ó gbé ọkọ̀, a sáré gba ọ̀nà Iléṣà. Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e dé, wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ àti oògùn. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, dókítà bèèrè pé, "Ta ni ó ń mu sìgá nínú ilé yín?"

Ìyá ọmọ náà kò dáhùn. Èmi ni ó ń wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti òru ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọdún 1964, oníṣègùn àgbà ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2006, ẹni tó wà ní ipò kan náà gbé òmíràn jáde nípa àwọn tí kì í mu sìgá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fa èéfín ẹlòmíràn símú. Ó ní kò sí ìwọ̀n kan, bó ti wù kó kéré tó, tí kò léwu. Ó ní fèrèsé ṣíṣí, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù kò lè mú èéfín náà kúrò tán. Ó ní àwọn ọmọdé tó ń fà á símú máa ń ní àìsàn àyà àti etí dídùn, ìkókó lè kú lójijì lójú oorun, ikọ́ fée ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀ yóò sì le sí i. Oríṣi èròjà inú èéfín sìgá ju 7,000 lọ, nǹkan bí 70 nínú wọn sì ń fa jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ, àti pé nínú wọn, àwọn tí kò fi sìgá sẹ́nu rárá ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ààfáà, èéfín igi ìdáná ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni. Èéfín igi náà ń pani lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn bàbá wa kọ́ ilé ìdáná sí: ẹ̀yìnkùlé ni. Wọn kò ní ìwé dókítà lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé èéfín kì í ṣe ohun tí à ń bá sùn. Kí ló dé tí àwa fi lé ti igi sí ẹ̀yìnkùlé, tí a sì gba ti sìgá sórí ibùsùn?

Ọ̀rọ̀ sìgá kò ṣàjèjì sí apá ọ̀dọ̀ wa. Òṣogbo nítòsí wa níbí ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sìgá kékeré sílẹ̀ ní ọdún 1933, kí wọ́n tó kọ́ ti Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi àwọn ààfáà léèrè pé, "Ṣé hàráámù ni àbí kì í ṣe hàráámù?"

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tábà kò sí láyé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn ló sì dé àárín àwọn Mùsùlùmí. Ahmad Baba ti ìlú Timbuktu, tó kú ní 1627, kọ̀wé pé kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀. Ní Íjíbítì, Ibrahim al-Laqani kọ̀wé láti kà á léèwọ̀, Ali al-Ujhuri sì kọ tirẹ̀ láti dá a láre. Ọ̀nà Maliki tí àwa náà ń tọ̀ ni àwọn méjèèjì sì wà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti fi ẹnu kò pé hàráámù ni, nítorí ohun tí àwọn oníṣègùn ti fi hàn, èyí tí kò sí lọ́wọ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀ iyàn náà lónìí. Ẹnu ẹni tó ń mu sìgá ni iyàn náà dá lé, èmi sì ń sọ̀rọ̀ imú ẹni tí kò mu ún. Kódà bí o bá di fátíwà Ahmad Baba mú ṣinṣin, ara rẹ ni o fi lè ṣe é. Fátíwà wo ni ó fún ọ láṣẹ lórí àyà ọmọ ẹlòmíràn? Ànábì wa kọ́ wa pé kí a má ṣe pa ara wa lára, kí a má sì ṣe pa ẹlòmíràn lára. Ó sọ fún wa pé Jìbírílù ń kìlọ̀ fún òun lórí aládùúgbò títí òun fi rò pé yóò sọ ọ́ di ẹni tí ń bá ni pín ogún. Ẹni tó jẹ àlùbọ́sà tútù tàbí áyù, ó ní kí ó jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, nítorí òórùn ẹnu rẹ̀ ń ni àwọn tó kù lára. Bí òórùn tí kì í pa ẹnikẹ́ni bá rí báyìí, kí ni kí a sọ nípa èéfín tó fẹ́ pa ọmọ?

Òfin ìjọba náà wà. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tábà ilẹ̀ wa ní 2015. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò ń pé sí, bí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ èrò, ni òfin náà dojú kọ; kì í ṣe inú yàrá tí ènìyàn háyà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀. Láti òpin oṣù Keje ọdún 2018, nínú ilé tí ìjọba ń bójú tó fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mu sìgá nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí níbi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ilé. Àwa kò ní irú òfin yẹn. Àdéhùn ni tiwa, ẹ̀sìn wa sì ka àdéhùn sí ohun ńlá.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo pe onílé àti gbogbo ayálégbé jọ, ọkùnrin àti obìnrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà níwájú gbogbo wọn, pé sùúrù tí mo ní kí ó ṣe, èmi ló yẹ kí n ti dìde dípò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bàbá awakọ̀, inú bí i. Ó ní, "Owó yàrá mi ni mo ń san. Ta ni yóò wá pàṣẹ fún mi nínú yàrá mi?" Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni, ẹ san owó yàrá yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò san owó yàrá mi." Bàbá náà dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, n kò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín."

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí, tí onílé sì kọ sínú ìwé àdéhùn ilé. Èkíní, kò sí sìgá mímu nínú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀, ìbáà ṣe ayálégbé, ìbáà ṣe àlejò rẹ̀, ìbáà ṣe onílé fúnra rẹ̀. Èkejì, ìdí igi ọsàn tó jìnnà sí fèrèsé ni ẹni tó bá fẹ́ mu ún yóò lọ. Onílé yóò fi páànù ṣe ìbòrí síbẹ̀ nítorí òjò. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bú bàbá tàbí fi sìgá ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. A kò lé e, nítorí aládùúgbò ni òun náà. Ẹ̀kẹrin, onílé yóò ka àdéhùn yìí fún ayálégbé tuntun kí ó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá náà kò tíì jáwọ́ nínú sìgá. Ó ti dín in kù, ó ní rírìn lọ sídìí ọsàn lóru ń sú òun. Ikọ́ ọmọ náà kò lọ tán, eruku ṣì máa ń jí i. Ṣùgbọ́n a kò tún sáré òru lọ sí Iléṣà mọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ kàn yín. Òfin 2015 kò gba kí a ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, kò sì gba kí a tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ má ṣe rán ọmọ ní sìgá, bí wọ́n bá sì rán ọmọ sí yín, ẹ dá a padà.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, nítorí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ànábì wa sọ fún wa pé ẹni tí òwò rẹ̀ run jù lọ ni ẹni tó gbé ìrun àti ààwẹ̀ dé iwájú Ọlọ́hun, tí àwọn tó ti ṣe níbi wá pín gbogbo ẹ̀san rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, aládùúgbò tí èéfín wa pa lára, òṣómàáló ni lọ́jọ́ náà. Kò ní dìde lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ jẹ́ kí a san án nísinsìnyí tí ó ṣì jẹ́ pé rírìn dé ìdí igi ọsàn ni owó rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ìlera, kí ó sì jẹ́ kí a rí ara wa bá gbé ní ìrọ̀rùn. Àmín.